Owó Àtijẹ àti Òmìnira: Àyẹ̀wò Ìtàn Speenhamland, Dauphin àti Alaska

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì ní òtítọ́ tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí òpìtàn gbà á láìwádìí. Ohun tí pépà yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí: bí ìjọba bá fún ènìyàn ní owó tí ebi kò fi ní pa á, ǹjẹ́ ẹni náà ti di òmìnira bí? Àbí ìdè mìíràn lè fara pamọ́ sínú oúnjẹ tí a gbé fún un?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó tún ti gba ìgboro ní ọ̀rúndún kọkànlélógún yìí, nítorí ètò kan tí àwọn onímọ̀ nípa ọrọ̀-ajé ń jiyàn lé lórí. Ohun tí ètò náà wí ni pé kí ìjọba máa san iye owó kan fún olúkúlùkù ní àkókò tí a dá, yálà ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí kò ní, yálà ó lówó tàbí ó tòṣì, láìbi í léèrè ohun tí ó fi ń ṣe. Nínú pépà yìí, a óò máa pè é ní owó àtijẹ fún tolórí tẹlẹ́mù. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn ní yóò gba ènìyàn lọ́wọ́ ọ̀gá burúkú àti iṣẹ́ ẹ̀sín. Àwọn tí ó lòdì sí i ní yóò sọ ènìyàn di ọ̀lẹ àti atọrọjẹ. Apá méjèèjì ni ó ń pe ìtàn ní ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí tí wọ́n sì ń pè jù lọ ni Speenhamland, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1795.

Èrò wa ni pé apá méjèèjì kò bi ẹlẹ́rìí náà ní ìbéèrè tí ó yẹ. Owó kì í dá ènìyàn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í dè é fúnra rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a ní láti wádìí. Èkíní, ta ni ẹni tí ń gba owó náà gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀ kí ó tó rí i gbà? Èkejì, ǹjẹ́ ó lè ṣí kúrò ní ibi tí ó wà kí owó náà má sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ gbígbà rẹ̀ jẹ́ àbùkù tí a fi ń dá a mọ̀ láàrin ẹgbẹ́? A óò fi ìbéèrè mẹ́ta yìí yẹ Speenhamland wò, a óò wo bí a ṣe lo ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn náà, a óò sì fi í wé ètò méjì tí ó sún mọ́ ìgbà tiwa: ti Dauphin ní Kánádà àti ti Alaska ní Amẹ́ríkà.

2. Ìpàdé Ilé-Èrò Pelican

Ọdún 1795 le fún àwọn mẹ̀kúnnù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1793 ni ìjọba wọn ti ń bá Faransé jagun. Ìkórè ọdún 1794 kò dára, ìgbà òtútù tí ó tẹ̀lé e sì le púpọ̀. Àlìkámà wọ́n, búrẹ́dì tí ó jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àwọn alágbàṣe oko gbówó lérí, ṣùgbọ́n owó-iṣẹ́ wọn kò bá a lọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kàrún-ún ọdún náà, àwọn adájọ́ agbègbè Berkshire pàdé ní ilé-èrò kan tí ń jẹ́ Pelican, ní Speenhamland, lẹ́bàá ìlú Newbury.

Ohun tí a tìtorí rẹ̀ pe ìpàdé náà yẹ fún àkíyèsí. Òfin àtijọ́ kan wà, láti ọdún 1563, tí ó fún àwọn adájọ́ ní agbára láti dá iye owó-iṣẹ́ alágbàṣe. A pè wọ́n jọ kí wọ́n wá ro bóyá kí wọ́n lo agbára náà. Wọn kò lò ó. Wọ́n rọ àwọn olóko pé kí wọ́n fi kún owó-iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò pa á láṣẹ. Dípò èyí, wọ́n ṣe òṣùwọ̀n kan tí ó so owó ìrànwọ́ mọ́ iye búrẹ́dì. Bí búrẹ́dì ńlá kan tí ìwọ̀n rẹ̀ lé ní pọ́n-ùn mẹ́jọ bá jẹ́ ṣílè kan, ọkùnrin tálákà tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ṣílè mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ara rẹ̀, àti ṣílè kan pẹ̀lú sísì fún ìyàwó àti ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ará ilé rẹ̀. Bí búrẹ́dì bá fi pẹ́nì kan wọ́n sí i, a ó fi tọ́rọ́ kún ti ọkùnrin náà, a ó sì fi pẹ́nì kan kún ti ẹni kọ̀ọ̀kan yòókù. Bí owó-iṣẹ́ kò bá tó iye yìí, páríìṣì, èyí tí í ṣe agbègbè kékeré tí ṣọ́ọ̀ṣì kan wà fún, ni yóò fi owó ìtọ́jú tálákà dí ohun tí ó kù.

Ìlànà yìí kì í ṣe òfin ilé aṣòfin, kì í sì í ṣe Berkshire nìkan ni a ti dán irú rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n orúkọ Speenhamland ni ó lẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá ní ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìparí ọdún 1795 kan náà ni Samuel Whitbread gbé àbá lọ sí ilé aṣòfin pé kí a dá iye owó-iṣẹ́ tí olóko kò gbọdọ̀ san dín sí. William Pitt, olórí ìjọba, tako ó, àbá náà sì ṣubú ní ọdún 1796. Ọ̀nà méjì ni ó wà nígbà náà: kí alágbàṣe gba owó tí ó tó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bá ṣiṣẹ́, tàbí kí ó gba àfikún lọ́wọ́ páríìṣì. Ọ̀nà kejì ni àwọn aláṣẹ yàn fún un.

3. Ìdè Tí Ó Wà Nínú Búrẹ́dì

Bí a bá fi ìbéèrè mẹ́ta wa yẹ ètò yìí wò, a óò rí i pé ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ebi, ṣùgbọ́n kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ènìyàn.

Nípa ìbéèrè kìíní, ọwọ́ alábòójútó àwọn tálákà ni owó náà wà. Alábòójútó yìí sábà máa ń jẹ́ olóko tàbí oníṣòwò ní àdúgbò. Ẹni tí alágbàṣe ń bá ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ó ń lọ tọrọ àfikún lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò ara wọn. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn páríìṣì kan sì wà tí wọ́n ń rán ẹni tí kò níṣẹ́ kiri láti oko dé oko, tí olóko yóò san díẹ̀ nínú owó rẹ̀, tí páríìṣì yóò san ìyókù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè yan ẹni tí yóò bá ṣiṣẹ́.

Nípa ìbéèrè kejì, òfin ọdún 1662 ti so tálákà mọ́ páríìṣì tí ó ní ẹ̀tọ́ ìgbé sí. Àjèjì tí a bá fura sí pé ó lè di ẹrù fún páríìṣì ni a lè dá padà sí ibi tí ó ti wá. Òtítọ́ ni pé òfin mìíràn ní ọdún 1795 dẹ ìdè náà díẹ̀: láti ìgbà náà, a kò gbọdọ̀ lé tálákà lọ àfi bí ó bá ti béèrè fún ìrànwọ́ ní tòótọ́. Síbẹ̀, ìrànwọ́ gan-an ni ó di ìdí tí a ó fi lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wá iṣẹ́ tí ó sàn ní ìlú mìíràn mọ̀ pé bí àìsàn bá dá òun gúnlẹ̀ níbẹ̀, tí òun sì nawọ́, ilé ni a ó dá òun padà sí.

Nípa ìbéèrè kẹta, òfin kan tí a ṣe ní ọdún 1697 pàṣẹ pé kí ẹni tí ń gba owó páríìṣì máa lẹ aṣọ pupa tàbí aṣọ búlúù tí a kọ lẹ́tà P sí mọ́ èjìká ọ̀tún rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo páríìṣì ni ó ń tẹ̀lé òfin náà, ṣùgbọ́n ọdún 1810 ni a tó fagi lé e. Nígbà tí àwọn adájọ́ jókòó ní Pelican, òfin tí ó sọ tálákà di ẹni tí a ń fi àmì dá mọ̀ ṣì wà nínú ìwé.

Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ láàrin Yorùbá yóò rí ìyàtọ̀ kan níbí. Ìwọ̀fà mọ olówó tí òun ń sìn, ó mọ iye tí ó jẹ. Ọjọ́ tí ó bá san án ni ó di òmìnira. Alágbàṣe Berkshire kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, síbẹ̀ kò sí iye kan pàtó tí ó lè san tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ páríìṣì. Nígbà tí àwọn alágbàṣe dìde ní ọdún 1830, láti Kent títí dé Berkshire, tí wọ́n ń fọ́ ẹ̀rọ ìpakà, owó-iṣẹ́ tí ó tó ni wọ́n ń béèrè fún ní ibi púpọ̀. Ènìyàn 19 ni a pa nínú wọn, àwọn tí a sì kó lọ sí ìgbèkùn ní Ọsirélíà lé ní 400.

4. Ohùn Mìíràn Ní Ìgbà Kan Náà

Kò yẹ kí a rò pé àwọn ènìyàn ìgbà náà kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1797, Thomas Paine tẹ ìwé rẹ̀, Agrarian Justice, jáde. Àbá rẹ̀ ni pé kí a máa fún olúkúlùkù, ọkùnrin àti obìnrin, ní pọ́n-ùn 15 nígbà tí ó bá pé ọmọ ọdún 21, kí a sì máa fún àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 50 ní pọ́n-ùn 10 lọ́dọọdún. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ ni pé ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọgbà yí i ká jẹ àwọn yòókù ní gbèsè. Nítorí náà, owó yìí jẹ́ ẹ̀tọ́, kì í ṣe àánú. Ní ọdún yìí kan náà ni Thomas Spence fi èsì sí i nínú The Rights of Infants. Ó ní ohun tí Paine wí kò tó. Kí páríìṣì gba gbogbo ilẹ̀, kí ó máa fi í háyà, kí ó sì máa pín èrè tí ó bá ṣẹ́kù ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, ní ọgbọọgba.

Páríìṣì ni àwọn adájọ́ fi ṣe ilé ìṣúra, páríìṣì náà ni Spence fi ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn adájọ́, tálákà ń tọrọ nínú ohun olóhun. Lọ́dọ̀ Spence, onílẹ̀ ń gba ìpín tirẹ̀. Yorùbá ní ọwọ́ tí ń fúnni ní í lékè ọwọ́ tí ń gbà. Ohun tí Paine àti Spence ń wá ni ètò tí kò fi ní sí ọwọ́ kankan lókè.

5. Bí A Ṣe Sọ Ìtàn Di Ohun Ìjà

Ní ọdún 1832, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí Òfin Àwọn Tálákà. Nassau Senior àti Edwin Chadwick ni ó kó ipa jù nínú kíkọ àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà, tí ó jáde ní ọdún 1834. Àbọ̀ náà ní owó páríìṣì ni ó sọ àwọn alágbàṣe di ọ̀lẹ, tí ó jẹ́ kí wọ́n máa bímọ láìronú, tí ó sì fa owó-iṣẹ́ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn páríìṣì ni ó dáhùn ìwé ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ fi ránṣẹ́, a kò sì fi ọgbọ́n ìṣirò ṣe ìtúpalẹ̀ àwọn ìdáhùn náà. Ó di ọdún 1963 kí Mark Blaug tó padà sí ẹ̀rí wọ̀nyí. Ó fi hàn pé wọn kò ti ẹjọ́ ìgbìmọ̀ lẹ́yìn: àìtó iṣẹ́ àti kíkéré owó-iṣẹ́ ni ó bí owó àfikún, kì í ṣe owó àfikún ni ó bí wọn.

Àwọn tí a fi àbọ̀ náà dá lẹ́jọ́ kò lè dúró di ọdún 1963. Òfin tuntun jáde ní ọdún 1834 kan náà. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ara rẹ̀ le má rí ìrànwọ́ gbà àfi bí ó bá wọ ilé ìṣiṣẹ́ àwọn tálákà, níbi tí a ti ń ya ọkọ kúrò lọ́dọ̀ aya, àti òbí kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Kí ìgbé-ayé inú ilé náà sì burú ju ti alágbàṣe tí ó kúṣẹ̀ẹ́ jù lọ ní òde. Ìdè mìíràn tún wà: láti ọdún 1832, ẹni tí ó bá gba owó páríìṣì láàrin oṣù méjìlá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní àwọn ìlú tí ó ń yan aṣojú sí ilé aṣòfin. Ọdún 1918 ni a tó mú irú ìfòfindè bẹ́ẹ̀ kúrò.

Ìtàn náà kò dúró sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1969, nígbà tí Ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà ń ro ètò kan tí yóò fún gbogbo ẹbí tí ó tòṣì tí ó sì ní ọmọ ní owó tí kò ní í dín sí iye kan, olùdámọ̀ràn rẹ̀, Martin Anderson, fi ìwé ránṣẹ́ sí i. Ohun tí ó kún inú ìwé náà ni àyọkà lórí Speenhamland láti inú The Great Transformation tí Karl Polanyi tẹ̀ jáde ní ọdún 1944. Polanyi kì í ṣe ọ̀tá tálákà. Agbára ọjà lórí ènìyàn ni ó ń bá wí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ nípa Speenhamland gbára lé àbọ̀ ọdún 1834. Nígbà tí Nixon kéde ètò rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, dọ́là 1,600 lọ́dún ni ó dá fún ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́rin, ó sì so ó mọ́ ìlànà pé ẹni tí ó bá lè ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́. Ilé àwọn aṣojú fọwọ́ sí i ní ọdún 1970, ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin Àgbà kò gbà á. Ní ọdún 1972, ètò náà kú. A kò lè sọ pé ìwé Anderson ni ó pa á. Àwọn kan ní owó náà pọ̀ jù, àwọn kan ní ó kéré jù. Ohun tí a lè sọ ni pé àbọ̀ tí a kọ ní ọdún 1834 láìtú ẹ̀rí wò dáadáa ṣì ń jẹ́rìí lòdì sí àwọn tálákà ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ọdún 135.

6. Dauphin, Ọdún 1974 sí 1979

Nígbà tí Amẹ́ríkà ń jiyàn, ìjọba àpapọ̀ Kánádà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Manitoba fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 1974 láti dán irú ètò bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n pè é ní Mincome. Apá kan rẹ̀ wà ní ìlú Winnipeg. Apá tí ó jẹ wá lógún wà ní Dauphin, ìlú kékeré kan láàrin oko, tí ènìyàn bí 10,000 ń gbé. Ní Dauphin, gbogbo ẹbí tí owó tí ń wọlé fún un bá kéré ni ó lè gbà. Ẹbí tí kò ní owó mìíràn rárá ń gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba kà sí ààlà òṣì. Bí ó bá sì ṣiṣẹ́, àádọ́ta sẹ́ǹtì ni a ń yọ nínú owó náà lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ó bá rí.

Nípa báyìí, ètò yìí kì í ṣe owó fún tolórí tẹlẹ́mù gan-an, nítorí olówó kò gbà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè wa yàtọ̀ sí ti Speenhamland. Ìwé ìṣirò owó ni ẹbí ń kọ ránṣẹ́. Kò sí alábòójútó tí ń wọlé wá wo ìkòkò ọbẹ̀. Olóko lè gbà, oníṣọ́ọ̀bù kékeré lè gbà, òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó lè gbà. Nígbà tí David Calnitsky ka ohun tí àwọn ará Dauphin fúnra wọn wí nínú ìwé ìbéèrè ìgbà náà, tí ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2016, ó rí i pé wọn kò ka owó yìí sí àbùkù bí wọ́n ti ka owó ìrànwọ́ àwọn tálákà sí.

Ètò náà parí ní ọdún 1979 láìsí àbọ̀ ìkẹyìn. Ìjọba ti yí padà, owó ti tán, a sì di àwọn ìwé ìwádìí sínú páálí bí 1,800, a kó wọn pamọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí Evelyn Forget tó wá wọn rí. Ó fi àkọsílẹ̀ ètò ìlera Manitoba wé ìgbà ètò náà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Iye ìgbà tí àwọn ará Dauphin ń dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn fi ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí a fi wọ́n wé, pàápàá nítorí ìjàǹbá àti àìsàn ọpọlọ. Àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ sí i sì dúró ní ilé ẹ̀kọ́ títí dé kíláàsì kejìlá.

Kò yẹ kí a fi ohun tí ó ta ko èrò wa pamọ́. Ní ọdún 2017, Calnitsky àti Jonathan Latner fi hàn pé iye àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Dauphin fi nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù ọ̀lẹ yóò rí ohun dì mú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òmìnira láti ṣiṣẹ́ kò pé bí kò bá sí òmìnira láti kọ iṣẹ́ kan. Ọ̀dọ́ tí ó padà sí kíláàsì kò sí lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò pè é ní ọ̀lẹ.

7. Alaska àti Ọ̀rọ̀ Ẹni Tí Ó Pẹ́ Nílẹ̀

Ní ọdún 1976, àwọn ará Alaska dìbò láti fi kún òfin-ìpìlẹ̀ wọn pé, ó kéré tán, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpín tí ìpínlẹ̀ ń gbà lórí epo àti àwọn ohun àlùmọ́nì gbọ́dọ̀ máa lọ sínú àpò kan tí a kò ní í ná tán. Nígbà tí ó di pé kí a pín èrè rẹ̀, òfin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1980 wí pé kí a fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní dọ́là 50 fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó ti gbé ní Alaska láti ọdún 1959. Ẹni tí ó pẹ́ nílẹ̀ yóò gba púpọ̀, àlejò yóò gba díẹ̀. Tọkọtaya kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀ pe ẹjọ́. Ní ọdún 1982, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà wọ́gi lé òfin náà, nítorí pé kò tọ́ láti pín àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà sí ipò ipò nítorí ìgbà tí wọ́n dé.

Ẹni tí ó bá ti ka òfin ọdún 1662 kò ní í ṣàì rí bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti jọra. Láti ọdún 1982 ni gbogbo olùgbé, ọmọdé àti àgbà, ti ń gba iye kan náà. Dọ́là 1,000 ni ti àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó níṣẹ́, kò sì sí àbùkù nínú rẹ̀ nítorí olówó ń gbà, tálákà ń gbà. Damon Jones àti Ioana Marinescu ṣe ìwádìí rẹ̀, wọn kò sì rí i pé ó dín iye àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ aláàbọ̀ ọjọ́ pọ̀ sí i díẹ̀. Owó náà kéré ju ohun tí ènìyàn lè fi jẹun fún ọdún kan, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fi í yanjú gbogbo ìbéèrè. Bákan náà, ní ọdún 2016, gómìnà Bill Walker gé e sí nǹkan bí ìdajì, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà sì gbè é lẹ́yìn ní ọdún 2017. Ọwọ́ tí a rò pé kò sí lókè mọ́ ṣì wà níbẹ̀.

8. Ìkádìí

A ti rí i pé owó nìkan kọ́ ni ó ya ìtàn mẹ́ta yìí sọ́tọ̀. Ní Berkshire, búrẹ́dì wá pẹ̀lú alábòójútó, páríìṣì àti àmì èjìká. Ó bọ́ ènìyàn, ó sì dè é. Ní Dauphin, a mú alábòójútó kúrò, àbùkù dínkù, àwọn ènìyàn sì rí àyè láti sinmi, láti kàwé, àti láti kọ iṣẹ́ tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní Alaska, ilé-ẹjọ́ ni ó já okùn tí wọ́n fẹ́ fi so ẹ̀tọ́ mọ́ pípẹ́ nílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń béèrè bóyá owó àtijẹ ń sọ ènìyàn di ọ̀lẹ kò tíì béèrè ohun tí ó ṣe pàtàkì jù. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí a ó máa lọ bẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì kan àwa òpìtàn fúnra wa. Láti ọdún 1834 títí dé 1963, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ kan gbọ́ nítorí pé ó ti wà nínú ìwé. Láti ọdún 1979 títí dé 2011, ohun tí ì bá fi èsì sí i wà nínú páálí. Ìwé tí a kò kà lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ pé a kọ ọ́.

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ kò tíì bùṣe. Ó ku ìtìjú, ó ku ìdè, ó ku ẹnu-ọ̀nà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró sí láràárọ̀ kí a tó dá a lóhùn. Ètò tí kò bá mú ìwọ̀nyí kúrò pẹ̀lú ebi lè gba ẹ̀mí ènìyàn là, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ́ di òmìnira.